Ọmọbìnrin Tó Jókòó Jẹ́ẹ́: Ère Tí Àwọn Alágbára Kò Fẹ́ Kí Ayé Rí

Ère náà kò ga ju ọmọdé tó jókòó lọ. Ọmọbìnrin kan ni, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ó wọ aṣọ ìbílẹ̀ àwọn ará Kòríà, ó di ìkúùkù lé orí itan, ó sì ń wo ọ̀kánkán. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Ẹyẹ kékeré kan bà lé e ní èjìká. Ẹni tó bá ń wá ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀, ìhòòhò tàbí ohun ìjà lára rẹ̀ kò ní í rí i. Àga kejì tó ṣófo nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, nítorí ère yìí àti àwọn mìíràn tí wọ́n ṣe nítorí ọ̀rọ̀ kan náà, ìjọba Japan pe aṣojú rẹ̀ ní Kòríà padà sílé, ìlú Osaka já okùn ọ̀rẹ́ tó ti so ó pọ̀ mọ́ ìlú San Francisco fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n hú ère kan kúrò nílẹ̀ lóru ní Manila, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn yàrá àfihàn kan pa ní Nagoya lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta péré. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà yẹ fún àgbéyẹ̀wò ni pé òfin Japan fúnra rẹ̀ kò fàyè gba irú ìdènà bẹ́ẹ̀. Abala kọkànlélógún ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1947, fún aráàlú lómìnira láti sọ̀rọ̀ àti láti gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn jáde, ó sì kọ̀ fún ìjọba láti máa yẹ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni wò bóyá kí ó jáde tàbí kí ó má jáde. Ta wá ló pa ọmọbìnrin yìí lẹ́nu mọ́, báwo ló sì ṣe ṣe é?

Láti rí ìdáhùn, ó di dandan kí a padà sí 1932, nígbà tí ogun wà láàárín Japan àti Ṣáínà nílùú Shanghai. Láti ìgbà náà títí di 1945 tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, àwọn ológun Japan ń dá àwọn ilé kan sílẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá gbógun dé, níbi tí àwọn ọmọ ogun ti ń wá bá obìnrin lò pọ̀. "Ianfu" ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin náà, ìyẹn "obìnrin ìtùnú". Orúkọ yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bo ọ̀rọ̀ náà lójú, nítorí pé ẹrú ni wọ́n sọ púpọ̀ nínú wọn dà. Wọ́n ṣèlérí iṣẹ́ ilé ìtajà oúnjẹ tàbí iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ fún àwọn kan, àwọn alágbàtà ra àwọn mìíràn lọ́wọ́ òbí tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́, wọ́n sì fi ipá kó ọ̀pọ̀lọpọ̀, pàápàá ní Ṣáínà, Philippines àti Indonesia. Àwọn ọmọbìnrin Kòríà, tó wà lábẹ́ àkóso Japan nígbà náà, pọ̀ nínú wọn. Àwọn ọmọ Taiwan wà níbẹ̀, àwọn obìnrin Holland tí ogun ká mọ́ Indonesia náà sì wà níbẹ̀. Iye wọn kò dá àwọn òpìtàn lójú dọ́gba. Àwọn kan ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, àwọn mìíràn ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé àkọsílẹ̀ ni àwọn ológun dáná sun nígbà tí ogun ń parí lọ.

Àwọn tó padà délé kò sọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ Kòríà ìgbà náà, bíi ti ibi púpọ̀ láyé, ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ ni ìtìjú ń bá, kì í ṣe ẹni tó ṣe é. Àwọn kan kò lọ́kọ títí tí wọ́n fi kú, àwọn kan kò lè bímọ mọ́, àwọn kan kò padà sílé rárá. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta kọjá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1990, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Japan, òṣìṣẹ́ ìjọba kan dáhùn pé àwọn oníṣòwò aládàáni ló ń kó àwọn obìnrin náà kiri. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí ìyá àgbà kan nínú ní Seoul. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1991, Kim Hak-sun jókòó níwájú àwọn akọ̀ròyìn, ó dárúkọ ara rẹ̀, ó fi ojú rẹ̀ hàn, ó sì sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní Kòríà tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbangba.

Àwọn baba wa sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1992, òpìtàn ọmọ Japan kan, Yoshimi Yoshiaki, rí àwọn ìwé àṣẹ nínú ilé ìkówèésí ilé iṣẹ́ ààbò Japan tó fi hàn pé ọwọ́ àwọn ológun wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìwé ìròyìn Asahi sì gbé e síta. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ni àwọn obìnrin Kòríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ níwájú ilé aṣojú ìjọba Japan ní Seoul ní gbogbo Ọjọ́rú. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 1993, Kono Yohei, tó jẹ́ akọ̀wé àgbà ìjọba Japan, tọrọ àforíjì nínú ìkéde kan, ó sì gbà pé ọ̀pọ̀ obìnrin ni wọ́n mú láìfẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ parí nìyẹn.

Iṣẹ́ ọnà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí láti ọwọ́ àwọn ìyá náà fúnra wọn. Àwọn kan lára wọn ń gbé pọ̀ ní ilé kan tí wọ́n ń pè ní Ilé Àjùmọ̀gbé. Níbẹ̀ ni ọ̀dọ́bìnrin ayàwòrán kan ti ń kọ́ wọn ní àwòrán yíyà, kí ohun tí ẹnu wọn kò lè sọ lè rí ibi gbà jáde. Kang Duk-kyung ya ọmọ ogun kan tó ti di igi ṣẹ́rì, gbòǹgbò igi náà nà sílẹ̀, ọmọbìnrin kan wà ní ìhòòhò lábẹ́ rẹ̀, òdòdó igi náà sì ń já bọ́. Òdòdó ṣẹ́rì kì í ṣe ohun lásán ní Japan. Àmì iyì orílẹ̀-èdè náà ni, àmì àwọn ọmọ ogun tó bá ogun lọ sì ni. Kim Sun-duk ní tirẹ̀ ya ọmọbìnrin tó wọ aṣọ ìbílẹ̀, pẹ̀lú òdòdó tí kò ráyè tanná. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ère idẹ fi wáyé lẹ́yìn náà, àwọn àwòrán wọ̀nyí ni kí ó kọ́kọ́ wò. Àwọn ìyá yìí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan, síbẹ̀ kò sí oníṣẹ́ ọnà tó dé lẹ́yìn wọn tó sọ ọ́ jù wọ́n lọ.

Ní Japan, ẹnu ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ní oṣù kejìlá ọdún 2000, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ṣe ìgbẹ́jọ́ aláfarawé kan ní Tokyo lórí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ìtùnú. Ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán NHK ṣe ètò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ètò náà jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, ìṣẹ́jú ogójì ló kù nínú mẹ́rìnlélógójì tí wọ́n ṣètò fún un, wọ́n sì ti yọ apá púpọ̀ lára ẹ̀rí àwọn obìnrin náà kúrò. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ gíga Tokyo dá àwọn ẹgbẹ́ obìnrin náà láre ní 2007, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì yí ìdájọ́ náà padà ní 2008.

Ère náà dé ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejìlá ọdún 2011, ọjọ́ tí ìwọ́de Ọjọ́rú pé ẹgbẹ̀rún kan gééré. Tọkọtaya oníṣẹ́ ọnà kan, Kim Seo-kyung àti Kim Eun-sung, ló ṣe é. Òkúta ìrántí lásán ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn láti gbé síbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Japan bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀hónú hàn pé òkúta pàápàá kò gbọ̀dọ̀ dé iwájú ilé aṣojú òun, èrò wọn yí padà, wọ́n sì pinnu láti gbé ènìyàn jókòó síbẹ̀. Bákan náà ni ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tó ṣe é ti ṣàlàyé pé wọ́n fẹ́ kí ọmọbìnrin náà káwọ́ lé ara wọn pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n bí ìdènà ṣe ń pọ̀ sí i ni wọ́n sọ ọwọ́ náà di ìkúùkù. Nítorí náà, àwọn tó fẹ́ dá ère náà dúró wà lára àwọn tó fún un ní ìrísí tó ní lónìí.

Kò sí ohun kan lára rẹ̀ tí kò ní ìtumọ̀. Irun rẹ̀ tí wọ́n gé jákujàku fi hàn pé wọ́n já a gbà kúrò lọ́wọ́ ẹbí àti ìlú rẹ̀. Ẹyẹ èjìká rẹ̀ ni àmì òmìnira, òun náà ló so àwọn tó ti kú pọ̀ mọ́ àwọn tó wà láàyè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní òfo láìsí bàtà, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò sì kanlẹ̀ dáadáa, nítorí pé àwọn tó padà sílé kò rí ilẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀ pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn nínú ìlú tí wọ́n ti bí wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, lórí ilẹ̀, òjìji rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n òjìji náà kì í ṣe ti ọmọdé. Òjìji ìyá àgbà tó ti tẹ̀ ni, pẹ̀lú labalábá kan ní àyà rẹ̀. Ní ti àga tó ṣófo, ti àwọn tí kò padà wálé mọ́ ni, ti ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ jókòó tì í ni pẹ̀lú. Nígbà òtútù, àwọn ará Seoul máa ń dé fìlà fún un, wọ́n a sì wé aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn.

Ọ̀nà ìjọba sí ìjọba ni wọ́n kọ́kọ́ gbà bá ère náà jà. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 2015, Japan àti Kòríà ṣe àdéhùn kan. Japan tọrọ àforíjì, ó ní òun yóò san bílíọ̀nù kan owó yen fún ìtọ́jú àwọn tó ṣẹ́kù, Kòríà sì ṣèlérí pé òun yóò sapá láti wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ ère iwájú ilé aṣojú náà. Àwọn méjèèjì pè é ní àdéhùn àṣekágbá tí kò ṣeé yí padà. Kò sí ẹni tó jókòó pẹ̀lú àwọn ìyá náà bó ṣe yẹ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà láàyè nígbà náà gba owó náà, àwọn yòókù kọ̀ ọ́ jálẹ̀. Ọdún kan gééré lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀dọ́ gbé ère kejì síwájú ilé aṣojú Japan ní Busan. Àwọn aláṣẹ àdúgbò gbé e kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, ariwo aráàlú sì mú kí wọ́n dá a padà lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, Japan pe aṣojú rẹ̀ sílé, kò sì dá a padà títí di oṣù kẹrin.

Ní òkèèrè, bí wọ́n ṣe ń gbé ère kalẹ̀ ni ìjà ń bẹ́ sílẹ̀. Ní ìlú Glendale, ní California, wọ́n gbé ọ̀kan kalẹ̀ ní 2013, àwọn kan sì pe ìlú náà lẹ́jọ́ pé kí ó gbé e kúrò. Ẹjọ́ náà rìn títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, tó kọ̀ láti gbọ́ ọ ní 2017. Ní Freiburg, ní Jámánì, ètò láti gbé ère kan kalẹ̀ forí ṣánpọ́n ní 2016 lẹ́yìn tí ìlú Matsuyama ní Japan, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ta kò ó. San Francisco kò gbà fún ẹnikẹ́ni. Ère tirẹ̀, tí Steven Whyte ṣe, ní ọmọbìnrin mẹ́ta tó di ọwọ́ ara wọn mú, Kim Hak-sun sì dúró ó ń wò wọ́n. Osaka tìtorí rẹ̀ kọ ọ̀rẹ́ náà sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Ní Berlin, ní 2020, àwọn aláṣẹ àdúgbò kọ́kọ́ gbà kí wọ́n gbé ọ̀kan kalẹ̀, wọ́n wá pàṣẹ kí wọ́n kó o kúrò láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sì tún dá àṣẹ náà dúró nígbà tí àwọn ènìyàn jáde.

Ti Manila ló burú jù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017 ni wọ́n ṣí ère obìnrin kan sí etí òkun, tí wọ́n fi aṣọ dì lójú, ní ìrántí àwọn obìnrin Philippines tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ní òru ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 2018, ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ dé, wọ́n hú u kúrò. Àlàyé tí ìjọba ṣe ni pé wọ́n fẹ́ tún gọ́tà ibẹ̀ ṣe. Kí ẹ̀yin òǹkàwé má gbàgbé gọ́tà yìí, nítorí pé irú rẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù nínú ìtàn yìí. Kò sí aláṣẹ kankan tó jẹ́ jáde wí pé òun kò fẹ́ kí àwọn obìnrin sọ̀rọ̀. Gọ́tà ni, tàbí ààbò ẹ̀mí, tàbí ìwé tí wọn kò kọ bó ṣe yẹ.

Ní Japan fúnra rẹ̀, 2012 ni ìṣòro náà hàn gbangba. Ilé iṣẹ́ Nikon ti gbà láti pàtẹ àwọn fọ́tò Ahn Sehong ní gbọ̀ngàn rẹ̀ ní Tokyo. Àwọn obìnrin Kòríà tí ogun fi sílẹ̀ sí Ṣáínà ni Ahn ya, àwọn àgbàlagbà tó ti gbàgbé èdè ìyá wọn. Lójijì ni Nikon wọ́gi lé ètò náà. Ahn lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí àfihàn náà wáyé, ó sì wáyé pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ní 2015, ilé ẹjọ́ ní kí Nikon san mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún owó yen fún un. Ní ọdún 2012 kan náà, wọ́n gbé ẹ̀dà kékeré ère ọmọbìnrin náà kúrò nínú ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ìjọba Tokyo. Láti inú irú ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí ni àwọn kan ti rò ó pé kí wọ́n kó gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti lé jáde níbòmíràn jọ sí ojú kan, kí aráàlú lè fojú ara wọn rí ohun tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n rí. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní 2015, ní yàrá kékeré kan ní Tokyo.

Ìgbà kejì ló di ogun. Ìpínlẹ̀ Aichi máa ń ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá kan ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ti 2019, akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Tsuda Daisuke ni olùdarí rẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nígbà tó ṣètò pé kí iye obìnrin àti ọkùnrin tí wọ́n pè dọ́gba, ohun tó ṣọ̀wọ́n nínú irú àfihàn bẹ́ẹ̀. Nínú àfihàn ńlá yìí ló fàyè sílẹ̀ fún yàrá kan tí àkọlé rẹ̀ ń béèrè nípa òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ̀ níbòmíràn ló kún ibẹ̀. Àwọn fọ́tò Ahn Sehong wà níbẹ̀, ọmọbìnrin náà sì wà níbẹ̀. Èyí tó lọ sí Nagoya kì í ṣe ti idẹ. Wọ́n fi ọ̀dà kùn ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bíi ti ènìyàn ẹlẹ́ran ara.

Ilẹ̀kùn ṣí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ. Lọ́jọ́ kejì, Kawamura Takashi, mẹ́yọ̀ ìlú Nagoya, dé ibẹ̀, ó jáde, ó sì ní kí wọ́n gbé ère náà kúrò, pé ó ń tẹ ọkàn àwọn ọmọ Japan mọ́lẹ̀. Mẹ́yọ̀ yìí kan náà ni igbákejì alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣe àfihàn náà. Lọ́jọ́ náà, akọ̀wé àgbà ìjọba ní Tokyo ní àwọn yóò yẹ owó ìrànwọ́ tí ìjọba fẹ́ fi sí i wò dáadáa. Tẹlifóònù kò sinmi mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ọnà ń gbọ́ èébú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àwọn ìpè àti ìwé ìbínú náà sì lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Nínú rẹ̀ ni ìwé fáàsì kan wà tó ní òun ń bọ̀ pẹ̀lú ike epo bẹntiróòlù. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkùnrin kan da bẹntiróòlù sínú ilé iṣẹ́ kan tó ń ya àwòrán-onírìnrìn ní Kyoto, tó sì pa ènìyàn mẹ́rìndínlógójì. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ, Gómìnà Omura Hideaki kéde pé àwọn ti yàrá náà pa nítorí ààbò. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá mú ọkùnrin tó kọ ìwé fáàsì náà.

Ó yẹ kí a sọ ti àwọn tó bínú náà. Kì í ṣe ère yìí nìkan ló mú inú bí wọn. Iṣẹ́ oníṣẹ́ ọnà ọmọ Japan kan wà ní yàrá kan náà tí iná ti ń jó àwòrán Ọba Hirohito, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì lè gbà á. Wọ́n ní ìjọba méjèèjì ti yanjú ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ìtùnú ní 1965 àti 2015, pé ère náà ti di ohun tí àwọn olóṣèlú Kòríà fi ń gún Japan lójú, àti pé kò tọ́ kí owó orí aráàlú máa gbé e kiri. Ẹ̀sùn pé ìkórìíra Japan ló wà nídìí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 2016, tọkọtaya tó ṣe ọmọbìnrin náà ṣe ère mìíràn, ìyá kan tó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, fún àwọn ará Vietnam tí àwọn ọmọ ogun Kòríà pa nígbà ogun Vietnam. Ọ̀pọ̀ ará ilé wọn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún un.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà yòókù kò dákẹ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àwọn méjìléláàádọ́rin nínú wọn ti fọwọ́ sí ìwé ìfẹ̀hónúhàn, àwọn kan láti òkèèrè sì ní kí wọ́n ti yàrá tiwọn náà títí tí yàrá yẹn yóò fi ṣí. Èyí tó wọni lọ́kàn jù ni ti Mónica Mayer, ọmọ Mexico. Láti 1978 ló ti ń ṣe iṣẹ́ kan tó ń pè ní Okùn Aṣọ. Òun a ta okùn, àwọn obìnrin a kọ ohun tí ojú wọn ti rí lọ́wọ́ ọkùnrin, nílé, nínú ọkọ̀, níbi iṣẹ́, sórí bébà aláwọ̀ osùn, wọ́n a sì fi kọ́ ọ bí ẹni sá aṣọ. Àwọn obìnrin Japan ti kọ tiwọn, okùn náà sì ti kún. Mayer ká ohun tí wọ́n kọ kúrò, ó fi àwọn bébà tí kò lọ́rọ̀ sílẹ̀ ní yíya. Àwọn tó wọlé bá okùn tó ṣófo.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ kan ti ní kí wọ́n tún yàrá náà ṣí, ilé iṣẹ́ àṣà ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn kò ní í san nǹkan bí mílíọ̀nù méjìdínlọ́gọ́rin owó yen tí wọ́n ṣèlérí. Wọn kò sọ ohunkóhun lórí ère. Wọ́n ní ìpínlẹ̀ náà kò ròyìn fún àwọn ṣáájú pé wàhálà lè ṣẹlẹ̀. Gọ́tà mìíràn nìyẹn. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n san án lẹ́yìn tí wọ́n ti dín díẹ̀ kù nínú rẹ̀. Yàrá náà ṣí padà ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí àfihàn ńlá náà tó parí. Ìbò ni wọ́n fi ń mú ẹni tó máa wọlé, ọgbọ̀n ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ yẹ ara wọn wò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan du àyè ọgọ́ta. Mẹ́yọ̀ Kawamura jókòó sílẹ̀ níta, ó ń fẹ̀hónú hàn.

Ohun tó tẹ̀ lé e fẹ́ dà bí eré orí ìtàgé. Ní 2020, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìbuwọ́lù jọ láti yọ Gómìnà Omura nípò nítorí àfihàn náà, mẹ́yọ̀ sì wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n kó ìbuwọ́lù bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó ó lé márùndínlógójì wá. Nígbà tí àjọ elétò ìdìbò yẹ̀ ẹ́ wò, ó lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó jẹ́ òfo. Ní ìlú Saga, níbi tó jìnnà réré sí Aichi, ni wọ́n ti háyà àwọn ènìyàn láti máa da orúkọ aráàlú kọ. Orúkọ òkú wà nínú rẹ̀. Ọlọ́pàá mú ẹni tó ń darí iṣẹ́ náà ní 2021.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Japan nìkan ló ń pa ẹnu mọ́. Ní Kòríà, ọ̀jọ̀gbọ́n Park Yu-ha gbé ìwé kan jáde ní 2013 lórí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ìtùnú. Ó sọ̀rọ̀ nípa ipa tí àwọn alágbàtà ọmọ Kòríà kó, ó sì sọ àwọn ohun mìíràn tó dun àwọn ìyá náà wọra. Mẹ́sàn-án nínú wọn pè é lẹ́jọ́. Ní 2015, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n yọ ibi mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kúrò nínú ìwé náà. Wọ́n tún fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn án, wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n bu owó ìtanràn lé e. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ pé èrò onímọ̀ ni ohun tó kọ, pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìrora àwọn ìyá náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé ìwé náà kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi gé ètò NHK.

Ní oṣù keje ọdún 2021, àwọn olùfẹ́ iṣẹ́ ọnà tún gbìyànjú. Ti Tokyo kò lè wáyé, nítorí pé àwọn tó ń fi ohùn gbohùngbohùn pariwo kò jẹ́ kí onílé gbádùn. Ní Nagoya, ọjọ́ kẹta ni ìdìpọ̀ kan dé, ó bú gbàmù bíi báńgà nígbà tí wọ́n tú u. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, ìlú sì ti gbọ̀ngàn náà pa. Ní Osaka, àwọn tó ni gbọ̀ngàn gba àyè padà lọ́wọ́ wọn nítorí ààbò, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ìlú náà kò gbà. Ó ní kí wọ́n ṣí i. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kò yí i padà, àwọn ènìyàn sì wọlé fún ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú ọlọ́pàá yíká ilé. Tokyo rí tirẹ̀ ṣe ní oṣù kẹrin ọdún 2022.

Ẹjọ́ tó kù ni ti owó. Ìlú Nagoya ti kọ̀ láti san nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ó lé owó yen tó jẹ́ ìpín tirẹ̀ nínú ìnáwó 2019, mẹ́yọ̀ sì ní àfihàn náà kò bójú mu. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ilé ẹjọ́ Nagoya pàṣẹ pé kí ó san án. Ìlú náà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kò rí i gbà, ó sì lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ náà kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin àti oṣù díẹ̀ tí ọmọbìnrin náà ti kúrò ní Nagoya. Nínú igba ó lé ogójì obìnrin tí ìjọba Kòríà forúkọ wọn sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n, àwọn tó ṣì wà láàyè lọ́dún tó tẹ̀ lé e kò pé mẹ́wàá mọ́.